Ọmọ Ùta

Agboolé Agúnlóyè,
Ùrómù-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, 2024

Múyìwá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ kú òtútù ibẹ̀ yẹn tí o ní ó máa ń wọ inú egungun. Ṣé o ń jẹun? Ẹ̀bùn ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, àbí ẹ ti jẹ́ kí òyìnbó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi? Láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni mo ti ń retí lẹ́tà rẹ. Mo ti sọ fún ọ pé etí mi kò gbọ́ fóònù mọ́, ariwo bí ẹni ń din dòdò nìkan ni mò ń gbọ́. Bí mo bá sì ní kí ẹlòmíràn bá mi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kí n tó padà dé yàrá mi, gbogbo agboolé ti gbọ́ ọ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. Èmi mọ̀wé kọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n kà. Kọ̀wé sí mi.

Ọba ti wàjà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe Kérésì ni. Wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, ọjà sì ti padà ń ná. Ìdílé ọlọ́ba méjì péré ló wà ní Ùrómù, nítorí náà oyè ti padà sí ilé Agúnlóyè, ilé bàbá rẹ. O mọ àṣà ilé náà: àkọ́bí ọkùnrin ọba tó jẹ kẹ́yìn nílé yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Bí kò bá fẹ́, wọ́n á kọjá sórí àbúrò rẹ̀. Bàbá rẹ ló jẹ kẹ́yìn níbẹ̀, ìwọ sì ni àkọ́bí rẹ̀. Adésọjí ló tẹ̀ lé ọ. Mi ò sọ pé kí o wá jọba o, ṣé o gbọ́? Mo ní wọ́n gbọ́dọ̀ bi ọ́.

Láti ìgbà náà ni Adésọjí ti wá rí mi. Ẹni tó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láti ogún ọdún bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, ó wọlé, ó jókòó, ó ra búrẹ́dì wá, ó ní kí n fún òun ní àdírẹ́sì rẹ. Búrẹ́dì náà rọ̀ dáadáa. Mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fún un ní nǹkan kan. Mo gbọ́ pé àbúrò yín, Adéọlá, ló wá gba ímeèlì rẹ fún un.

Nítorí náà, etí rẹ mélòó? Méjì ni, ju èmi lọ. Fi gbọ́ èyí: má fọwọ́ sí ìwé kankan tí èmi kò bá tíì kà.

Gíláàsì ojú mi ti sán lápá òsì. Òrùlé ilé bàbá mi ní Òkè-Ìtura náà sì ti ṣí, òjò ń wọ yàrá méjì. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, rántí páànù. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí n óò nílò ilé náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Comfort.


Hull, England.
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, 2024

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ojú mi rí màbo ní ìparí ọdún, iṣẹ́ kò jẹ́ kí n gbórí sókè. Ẹ̀bùn ń kí yín. Ó ti lè sọ pé "ẹ káàárọ̀", àmọ́ alẹ́ ló máa ń sọ ọ́.

Bí mo bá ń kọ "ẹ" yìí sí yín, ẹ̀rín máa ń pa mí. Lẹ́nu Èkìtì wa, "o" ni mò ń pè yín láti kékeré, ẹ kò sì bínú rí. Ẹ̀yin lẹ fi bébà nà mí lórí ní Ìkẹ́rẹ́ pé nínú ìwé, "ẹ" ni ti ìyá.

Ọ̀rọ̀ oyè yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣe òtítọ́ fún yín. Láàárọ̀ yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti wẹ̀ fún àgbà ọkùnrin mẹ́rin nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ti pààrọ̀ ìlédìí fún méjì nínú wọn, ọ̀kan sì ti tutọ́ sí mi lára. Irú ọba wo nìyẹn? Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Bí mo bá jáde kúrò nílùú yìí kí wọ́n tó dá mi lóhùn, ẹnu bodè ni wọ́n á ti dá mi padà. Adésọjí lè máa jọba lọ. Kí adé pẹ́ lórí rẹ̀.

Àmọ́ ó ti kọ ímeèlì sí mi. Ó pè mí ní "Brother mi" lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀. Ó ní ìṣòro wà nípa tèmi, pé Bàbá kò san owó orí yín, pé ọmọ tí a bí báyìí kò sí nínú kíkà. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ bi yín ní irú ìbéèrè yìí. Ẹ ní kí n lọ fọ abọ́. Màmá, mo ti fọ abọ́ yẹn tán. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Mi ò wá adé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá mi gbà pé òun ló bí mi.

Mo fi gíláàsì tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ti páànù, ẹ fún mi ní àsìkò díẹ̀.

Ọmọ yín,
Múyìwá.


Agboolé Agúnlóyè,
Ùrómù-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, 2024

Múyìwá ọmọ mi,

Gíláàsì dé, kò fọ́, ó sì bá ojú mi mu. Ọlọ́run á jẹ́ kí Ẹ̀bùn tọ́jú ìwọ náà. Gíláàsì náà ni mo fi ń kọ èyí.

Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá rẹ kò san owó orí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì fún gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyẹn, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ojú ń tì mí bí ẹni pé àná ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, ilé ẹ̀kọ́ tíṣà ni mo wà, nígbà tí mo lóyún rẹ. Bàbá rẹ kò tíì jọba, kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé owó wá nígbà mẹ́ta. Katikíìsì ni bàbá tèmi, o mọ̀ ọ́n, o mọ bí ọrùn rẹ̀ ti le tó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Èmi kì í ta ùkòkò tó ti sán." Ó kọ̀, kò gba kọ́bọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n má sọ fún ọ pé bàbá rẹ kò mú un wá. Bàbá mi ni kò gbà á.

Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ tí mo bí ọ, bàbá rẹ padà wá. Olóyè Bámigbóyè tó wà nínú àwọn afọbajẹ báyìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà náà, òun ló ru igbá náà: oyin, iyọ̀, orógbó, obì, ataare. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta ni mo gbé ọ jáde sí. Bàbá rẹ ki ìka bọ oyin, ó fi kàn ọ́ lẹ́nu, ó ní, "Adémúyìwá." Adé, Múyìwá! Ní ìlú yìí, ta ló tó fi adé sórí orúkọ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀? Lójú Yorùbá, ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ ló ni í.

Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé gígùn kan ló ní, aláwọ̀ pupa, gbogbo ọmọ tó bí ló kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ. Èmi ni mo máa ń gbé e fún un ní ọdún mẹ́rin tí àrùn fi dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí apá rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́ ló ránṣẹ́ pè mí láti Ìkẹ́rẹ́, tó fún mi ní yàrá yìí. Ọ̀dọ̀ Adésọjí ni ìwé náà wà. Jẹ́ kí wọ́n ṣí i, ọ̀rọ̀ á parí.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Èmi kò ní owó orí nílé yìí. Orí rẹ ni mo fi ń gbé ibí. Ìyá ọmọ ni mí, nítorí náà ni wọ́n kò fi lè sọ fún mi pé kí n jáde. Bí ọmọ kò bá sí nínú ilé, ìyá ọmọ náà kò sí. Má fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ìyá rẹ,
Comfort.


Hull.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, 2024

Màmá,

Mo kí yín. Mi ò ní kí yín pẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìwé. Wọ́n ti ṣí i. Adésọjí ya fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lánàá, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó dùn mí. Ìkọ̀wé Bàbá ni, mo mọ̀ ọ́n, mo ní káàdì tó kọ sí mi nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá. Ìlà kan péré ló wà ńbẹ̀:

*Adémúyìwá, ọmọ ùta.*

Mo kà á títí ojú mi fi ń rí i lára ògiri. Ọmọ ùta! Ẹ̀yin ẹ ní ó fi oyin kàn mí lẹ́nu. Ẹ ní ó gbé igbá wá. Lẹ́yìn náà ló wá délé, ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọmọ ìta ni mí. Oyin ti ojú ayé nìyẹn, ìwé ló sọ tinú rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní pírámárì, ọmọ kan pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, mo fọ́ ọ lẹ́nu, ẹ sì nà mí fún un. Ó yẹ kí ẹ ti sọ fún mi nígbà náà pé ọmọ náà kò parọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí? Gbogbo àwọn bàbá olóòórùn tí mò ń wẹ̀ fún níbí, inú mi ni mo ti máa ń sọ pé mò ń fi wọ́n san án fún bàbá mi tí mi ò ráyè tọ́jú. Ẹni tí kò kà mí sí ọmọ.

Adésọjí ní àwọn lọ́yà ti kọ ìwé kan pé mi ò ní í bá wọn du oyè. Ó ní kí n fọwọ́ sí i kí oṣù karùn-ún tó parí, kí ìlú lè sinmi. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Bí ẹ bá dákẹ́ bí ẹ ti máa ń dákẹ́, n óò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Múyìwá.


Agboolé Agúnlóyè,
Ùrómù-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún, 2024

Adémúyìwá,

Àná ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun. Lónìí ni mò ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ láti fi èyí ránṣẹ́, ìbá ṣeé ṣe ni, ǹ bá fò wá. Mi ò lè ní kí ẹnikẹ́ni bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí Wásáàpù, Adésọjí á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ mú fọ́tòkọ́pì náà. Mú un jáde báyìí, gbé e sí ibi iná. Wo Ù náà dáadáa. Ṣé lẹ́tà ńlá ni àbí lẹ́tà kékeré? Nínú lẹ́tà rẹ, kékeré lo kọ. Ọdún mélòó ni mo fi kọ́ ọ pé orúkọ ibì kan, lẹ́tà ńlá la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ùta. Orúkọ àdúgbò ni, Múyìwá! Àdúgbò bàbá mi. Ẹnu odi ìlú ló wà láyé àtijọ́, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ùta, bí a ti ń pe ìta lẹ́nu Èkìtì wa. Nígbà tí ilé ìwé wá pọ̀, tí àwọn ọmọ ń sọ Yorùbá inú ìwé, wọ́n ń fi àwọn ọmọ àdúgbò wa ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ ìta, ọmọ ìta!" Ẹkún ni wọ́n máa ń sun wálé. Ní 1984, àwọn ọ̀dọ́ dáwó, wọ́n kọ "Òkè-Ìtura" sára pátákó, wọ́n rì í mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Èmi náà dáwó sí i. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́, Ìkẹ́rẹ́ la wà, Òkè-Ìtura nìkan lo mọ̀. Èmi pẹ̀lú kò dárúkọ Ùta létí rẹ rí, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wo bí mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

Bí bàbá rẹ ti kọ gbogbo yín nìyẹn. Ibi tí ìyá ọmọ ti wá ló kọ sẹ́yìn orúkọ ọmọ. Lábẹ́ tìrẹ, ó kọ ọ́ pé: Adésọjí, ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọjà. Adéọlá, ọmọ Emùré. Mo ti di ìwé yẹn mú fún un títí, mo lè kà á lórí. Ìlà kan péré ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, o kò sì bi ara rẹ léèrè ìdí tí ìwé ọba fi ní ìlà kan! Wọ́n ká ìyókù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó ya á ni.

Bàbá rẹ kò sẹ́ ọ. Ní ọjọ́ tó kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara, ìwọ ló ń pè.

Olóyè Bámigbóyè ní òun yóò jẹ́rìí, kí o sá má fọwọ́ sí i. Mo lọ bá a kí n tó jókòó kọ èyí. Ó ní, "Comfort, ọmọ ulé ni. Jẹ́ kó dákẹ́ jẹ́ẹ́." Dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọmọ mi. Má fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ ọ́, èmi tí mo bí ọ.

Ìyá rẹ.


Hull.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, 2024

Màmá,

Mo retí títí. Oṣù karùn-ún parí ní ọjọ́ Ẹtì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe nọ́ńbà Adéọlá, ó ní ara yín le, ó ní ẹ tilẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ ráyè lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ kò ráyè dá mi lóhùn. Mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo ti fọwọ́ sí i. Ojú-ìwé mẹ́ta ni. Mo ka àkọ́kọ́, mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ níwájú lọ́yà kan níbí, mo sì fi ránṣẹ́. Kí wọ́n máa jọba wọn. Kí n tó fọwọ́ sí i, ó ń ṣe mí bí ẹni pé ara á fúyẹ́ bí mo bá ṣe tán. Kò fúyẹ́.

Owó páànù yín wà lọ́wọ́ Adéọlá.

Múyìwá.


Hull.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà, 2024

Màmá mi, ìyá mi,

Lẹ́tà yín dé lọ́sàn-án òní. Mo ti mú ìwé náà sí ibi iná. Lẹ́tà ńlá ni.

Lẹ́tà ńlá ni, Màmá. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá ní oṣù kẹrin, mi ò rí i. Ìsàlẹ̀ fọ́tòkọ́pì náà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti ká a. Èyí náà wà lójú mi, mi ò rí i. Ìbínú ni mo fi kà á.

Mo wá jókòó ka ojú-ìwé kejì àti ìkẹta ohun tí mo fọwọ́ sí. Ó wà níbẹ̀ pé mo búra pé èmi kì í ṣe ọmọ Olúrómù, ọba tó bí mi. Ó wà níbẹ̀ pé ìyá mi kò fìgbà kan jẹ́ aya tàbí ìyá ọmọ nílé Agúnlóyè, pé kò ní ẹ̀tọ́ sí yàrá kankan níbẹ̀. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ̀wé sí lọ́yà wọn lórí ímeèlì lójú ẹsẹ̀ pé mo yí i padà, kò dá mi lóhùn. Mo pe Adésọjí, ó ń dún, kò gbé e. Adéọlá ní òun kò fẹ́ dá sí i, kò sì fún mi ní nọ́ńbà Olóyè Bámigbóyè.

Mo ti tún búra sí ìwé mìíràn níbí, tí mo fi sọ pé irọ́ ni ti àkọ́kọ́, pé wọ́n tàn mí ni. Ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ gbé e lọ bá Olóyè Bámigbóyè kí àwọn afọbajẹ tó jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré. Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún yín pé kí ẹ sáré.

Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè dárí jì mí, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ bú mi, kí ẹ sá ti kọ̀wé.

Ọmọ yín, bí ẹ bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,
Adémúyìwá.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, 2024

Múyìwá,

Mo kí ọ. Ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ mò ń rìn.

Lẹ́tà tí o fi sọ fún mi pé o ti fọwọ́ sí i dé ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje. Wọ́n jókòó ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Èyí tí o fi ìwé ìbúra kejì sínú rẹ̀ dé lánàá, Adéọlá ló yọ́ gbé e wá fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi pẹ́. Mi ò bú ọ. Mo kàn ń sọ bí ó ti rí fún ọ ni, nítorí o ní kí n kọ̀wé.

Gbọ̀ngàn agboolé ni wọ́n jókòó sí, afọbajẹ márààrún, Adésọjí, àti lọ́yà rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnu ni mò ń wò. Ìwé pupa bàbá rẹ wà lórí tábìlì. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n ka ojú-ìwé kìíní tán, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olóyè Bámigbóyè na ọwọ́ sí i. Adésọjí fi ọwọ́ lé ìwé náà, ó sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì wò mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ohun tó sọ sí bébà fún mi: "Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ti búra. Kí la tún ń ṣí ìwé sí?" Wọn kò ṣí i.

Lọ́yà náà wá gbé ìwé tìrẹ síwájú mi. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sí bébà gàdàgbà kí n lè kà á: ṢÉ ỌMỌ YÍN LÓ FỌWỌ́ SÍ ÈYÍ?

Olóyè Bámigbóyè ló jókòó tì mí. Ó fa bírò yọ lábẹ́ tábìlì, ó kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i sí mi. "Ní kì í ṣe òun." Ohun tó kọ nìyẹn. Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí mo bá lè ní wọ́n ṣe ayédèrú ìfọwọ́sí rẹ ni, wọn ò ní lè lò ó lọ́jọ́ yẹn. Wọn ì bá tún pè ọ́, ìwé kejì rẹ ì bá ti dé. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Yàrá mi wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀.

Mo wọ gíláàsì tí o rà fún mi. Mo ka ojú-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò fo ọ̀kan. Mo ka ibi tí o ti búra pé èmi kì í ṣe nǹkan kan. Mo wá wo ìsàlẹ̀. Mo rí Y rẹ, èyí tó máa ń fa ìrù sílẹ̀ tí mo máa ń fi bírò pupa gé fún ọ ní pírámárì kejì, tí o kò jáwọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí. Agbára káká ni mo fi di omi ojú mi mú.

Ìwé náà ti sẹ́ mi. Bí èmi náà bá tún sẹ́ ọwọ́ rẹ, ta ló kù láyé yìí tí yóò sọ pé òun mọ ẹnì kejì? Mo gbé orí sókè, mo ní, "Ọmọ mi ló kọ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ní ọjọ́ kejì ni ìyàwó Adésọjí dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ka ẹnu rẹ̀: "Mọ̀mọ́, éè ṣe ulé rẹ mọ́." Ilé kì í ṣe tèmi mọ́, wọ́n bá mi kó àpótí mi jáde, tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àga tí mo máa ń gbé bàbá rẹ jókòó sí bí mo bá wẹ̀ fún un tán, wọ́n ní ti ilé ni. Mo fi sílẹ̀. Wọ́n ti kéde Adésọjí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò wọ ìpèbí.

O béèrè bóyá mo ṣì gbà pé ọmọ mi ni ọ́. Mo ti dáhùn ìyẹn níwájú ènìyàn méje. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, Múyìwá. Ó ń dùn mí gan-an, mi ò sì mọ ìgbà tí kò ní dùn mí mọ́. Má tọrọ àforíjì mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Sọ fún mi nípa Ẹ̀bùn, sọ fún mi bí iṣẹ́ ti ń lọ. Máa wẹ̀ fún àwọn bàbá yẹn dáadáa.

Má fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí agboolé Agúnlóyè mọ́, wọn ò ní gbé e fún mi. Ilé bàbá mi ni mo wà. Adéọlá kó owó páànù wá, ojú sì ń tì í. Wọ́n ti kan ẹ̀gbẹ́ kan. Yàrá tí kò jò ni mo ti ń kọ èyí. Bí o bá fẹ́ kọ̀wé, Òkè-Ìtura ni kí o kọ sára rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. Ìwọ náà ti mọ orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ìyá rẹ,
Comfort, ọmọ Ùta.